Irun Apá Kì í Ṣe Igi

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá òǹkàwé yín lóhùn, ẹni tó kọ̀wé pé ọ̀bẹ ìgégi tó bá ti lè fá irun apá ti yege. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára.

Alágbẹ̀dẹ kan fi irin sípíríǹgì ọkọ̀ rọ ọ̀kan fún mi. Ó mú bí abẹ. Mo gbé e wọ igbó, mo fi gé ẹ̀ka gbígbẹ kan tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi. Kò sí wàhálà, àfi ìgbà tó kan kókó igi. Mo gbé ẹnu rẹ̀ sójú oòrùn, mo rí ibi méjì tó ń dán yinrin: ó ti kán. Ká ní ó tẹ̀ ni, òkúta ìpọ́nbẹ ìbá tún un ṣe. Kíkán ló fi hàn pé irin náà le jù. Irin gbígbóná tí wọ́n bá ti rì bọ òróró kó lè le gbọ́dọ̀ padà sínú ooru, bí ìwọ̀n 200 sí 250 Celsius, kí líle rẹ̀ lè rọjú.

Mo dá a padà fún alágbẹ̀dẹ náà, ó sì tún un ṣe láìjiyàn. Mo tún lọ bá kókó kan náà. Ẹnu rẹ̀ dúró digbí! Èèkù rẹ̀ ló kù tí mo fẹ́ kó fá sí i, torí ó lé ròrò sí mi látẹ́lẹwọ́.

Ẹ̀yin tó ń yin ọ̀bẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ irú igi tí ẹ fi gé fún wa.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tòótọ́