Owó tí wọ́n ń ta ilé ò lè ṣàdédé já wálẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ń retí pé owó tí wọ́n ń ta ilé ní Amẹ́ríkà máa já lulẹ̀ bó ṣe já ní 2008, mi ò rò bẹ́ẹ̀ o. Lọ́hùn-ún, ẹni tó yá owó ra ilé ní 2021 ń san èlé bíi 3%, nígbà tó fi máa di 2023 èlé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá owó ti kọjá 7%, ta ló wá fẹ́ ta ilé ẹ̀ kó lọ yá owó tó wọ́n jùyẹn lọ? Kálukú jókòó ti ilé ẹ̀, ilé tó wà fún títà ò wá pọ̀, ni owó ẹ̀ ò fi wálẹ̀. Àwọn tọkọtìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló ń jẹ̀yà ẹ̀, wọ́n á ṣírò owó oṣù lórí fóònù títí, kò ní tó. Ó ń dùn mí gan-an. Bí èlé bá tiẹ̀ wálẹ̀, àwọn tó fẹ́ rà máa ya wọlé ni, owó á tún gbéra, àfi tí wọ́n bá kọ́ ilé sí i.

Èmi òǹkàwé yín