Ta ni yóò san owó ìtọ́jú pàjáwìrì?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí àwọn òǹkàwé yín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù kí n tó fẹ̀yìntì, oríṣiríṣi ẹ̀sùn ló sì gba orí tábìlì mi kọjá: olè jíjà, ìjà ilẹ̀, awakọ̀ tí kò ní ìwé, ẹni tó da pàǹtí sójú gọ́tà. Ẹ̀sùn tí n kò rí rí ni ti ilé ìwòsàn tó kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ń bọ́. Kì í ṣe pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ní èṣí, ọ̀kadà gbá ọmọ àbúrò mi lóru. Ilé ìwòsàn aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ ọmọ, ẹni tó jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba aláìsàn wọlé sì ń béèrè dìpọ́sítì. A tú àpò, a pe ẹbí, gbogbo àwọn oní-POS àdúgbò ti tìlẹ̀kùn, la bá gbé e lọ sí ibòmíràn. Kò kú, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn kò tíì bọ̀ sípò bó ṣe yẹ títí di òní.

Ohun tó dùn mí ni pé òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, sọ ní abala 20 pé dókítà, òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á, àti pé ẹni tó bá rú òfin náà lè san ₦100,000, tàbí kó ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ní ọdún 2017, òfin mìíràn jáde fún ẹni tí ọta ìbọn bà: kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí, yálà ó mú owó wá tàbí kò mú un wá.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìwé òfin ilẹ̀ wa ni kò gba ti aláìsàn rò. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Abala 17 ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìjọba rí i pé ètò ìlera tó péye wà fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n inú Orí Kejì ni ọ̀rọ̀ náà wà, abala 6 sì ti sọ pé kí ilé ẹjọ́ má ṣe dá sí ohun tó bá wà ní Orí Kejì. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ wá là á yé wa ní ọdún 2002, nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Oǹdó pe ìjọba àpapọ̀ lórí òfin tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, pé ilé aṣòfin àpapọ̀ lágbára láti ṣe òfin tí yóò mú ohun tó wà ní Orí Kejì ṣẹ. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn ní 2014.

Ṣùgbọ́n adájọ́ kì í jáde lọ wá ẹjọ́. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá a ní ọdún 2001 pé àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ pé lè kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára nítorí ẹ̀sìn, dókítà tó gbà fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, tí ìgbìmọ̀ ìbáwí àwọn dókítà sì ní kó lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà, ni kò gbà, tó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn; ó borí, ìgbìmọ̀ náà ló sì wá gbé ọ̀rọ̀ náà dé òkè pátápátá. Ta ni yóò gbé ẹjọ́ ẹni tí wọ́n kọ̀ ní ẹnu géètì? Òkú kì í kọ ìwé ìpẹ̀jọ́, ẹbí tó ń wá owó pósí kò sì ní ráyè wá lọ́yà. Ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò ìjọba ló yẹ kó gbé e, abẹ́ àwọn aláṣẹ sì ni àwọn méjèèjì wà.

Síbẹ̀, n kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru ilé ìwòsàn. Dókítà kan tí mo mọ̀ fi ìwé gbèsè rẹ̀ hàn mí, orúkọ àwọn tó tọ́jú, tí wọ́n sì bá ẹ̀yìn lọ nígbà tí ara wọ́n yá. Ojúewé mẹ́rin ni. Àwọn tó ṣe òfin 2014 mọ èyí. Wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ìlera alábọ́ọ́dé, wọ́n ní kí ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ máa bọ́ sínú rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún àpò náà sì jẹ́ ti ìtọ́jú pàjáwìrì. Aṣòfin sọ̀rọ̀, aláṣẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó di ètò ìṣúná ọdún 2018 kí owó náà tó kọ́kọ́ yọjú, nǹkan bíi bílíọ̀nù 55 náírà.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò lọ sí Àbújá. Àwọn ìpínlẹ̀ wa ti ní àjọ adójútòfò ìlera tiwọn, òfin tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ fúnra wọn ṣe ló sì gbé e dúró. Kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún un: ilé ìwòsàn yòówù, ti ìjọba tàbí aládàáni, tó bá gba ẹni pàjáwìrì wọlé, kí ìpínlẹ̀ san owó ìtọ́jú wákàtí 48 àkọ́kọ́ fún un láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, yálà aláìsàn náà ti forúkọ sílẹ̀ tàbí kò forúkọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọmíṣánnà ètò ìdájọ́ yóò lè fi ọwọ́ òfin mú ẹni tó bá ṣì ń béèrè dìpọ́sítì lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí kò sì ní í rí àwáwí kankan ṣe níwájú adájọ́.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣojú àgbègbè wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Bí ó bá fèsì, n óò fi èsì náà ránṣẹ́ sí yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbàdàn.