Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Máa Kọ Orúkọ Wọn Sábẹ́ Fọ́tò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, láti ìgbà tí bàbá mi ti máa ń rán mi lọ rà á lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ ní gáréèjì, mi ò sì kọ lẹ́tà sí yín rí, àmọ́ àwọn fọ́tò mẹ́jọ tẹ́ ẹ kó sójú ewé àárín lẹ́yìn ọdún Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde yẹn ò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Fọ́tò yẹn dáa o. Àwọ̀ aṣọ yọ, ojú mọ́ kedere, onífọ́tò yín mọṣẹ́, ẹ bá mi kí i. Ohun tẹ́ ẹ kọ sábẹ́ ẹ̀ ló dùn mí: "obìnrin kan nínú àdìrẹ", "bàbá àgbàlagbà kan", "ọmọdébìnrin kan ń rẹ́rìn-ín". Mo kà á tán, mo gbé e fún ìyàwó mi, mo ní ṣé gbogbo àwọn èèyàn yìí ò lórúkọ ni.

Onífọ́tò lèmi náà. Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dún 1994. Nígbà yẹn, tá a bá lọ síbi ìnáwó, ẹyọ 36 ló wà nínú fíìmù kan, tó o bá ti yà á tán ó tán nìyẹn, o máa yọ ọ́ kó o ki òmíì bọ̀ ọ́, owó sì ni. Ọ̀gá mi á rìn yíká tábìlì, á ya ẹni tó mọ̀, á ya ẹni tí ò mọ̀, á wá fi fíìmù lé mi lọ́wọ́, èmi á gun ọ̀kadà ó di lábù, màá jókòó tì wọ́n níbẹ̀ títí wọ́n á fi fọ̀ ọ́ tán, màá sáré padà kí àlejò tó tú ká. A máa ń tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, a ó to gbogbo fọ́tò sórí ẹ̀, kálukú á máa bẹ̀rẹ̀ wá tiẹ̀. Mo ṣì ń rí àwọn màmá onígèlè yẹn lójú ara mi, wọ́n á fọwọ́ kan di gèlè mú kó má já lulẹ̀, wọ́n á máa fi ọwọ́ kejì yẹ fọ́tò wò, ọ̀kan á pariwo pé ta ló ya òun níbi tóun ti la ẹnu fún ẹran yìí, á sì rà á kíákíá kí ẹlòmíì má baà rí i. Ọ̀gá mi kì í bínú, ó máa ń ní ẹni tó ni ojú ló ni owó.

Ẹ wo bọ́rọ̀ yẹn ṣe rí. A ò mọ àwọn èèyàn yẹn rí, a ò tiẹ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn ká tó yà wọ́n, àmọ́ fọ́tò ọ̀hún gbọ́dọ̀ padà dé ọwọ́ ẹni tá a yà, tí kò bá dé ibẹ̀ a ò ní rówó jẹun. Òun ló lè rà á, òun náà ló lè fà á ya. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Malick Sidibé, onífọ́tò ní Bamako, lórílẹ̀-èdè Mali, tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Venice lọ́dún 2007, nígbà tó ń ya àwọn ọ̀dọ́ níbi àríyá òru àti létí odò Ọya níbi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Sunday, tó bá délé á tẹ gbogbo ẹ̀ ní kéékèèké, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, á gbé e síta níwájú sítúdíò ẹ̀ kí wọ́n wá wo ara wọn kí wọ́n mú èyí tó wù wọ́n. Àwọn fọ́tò tí gbogbo ayé ń pọ́n lé lónìí nìyẹn, àwọn tó wà nínú ẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i.

Ẹni tó ń ra fọ́tò ló wá yí padà. Èèyàn á ya ìyá kan ní ọjà Òkè-Arìn l'Ékòó lọ́sàn-án, kó tó di alẹ́ fọ́tò yẹn ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní London àti Houston, wọ́n ń tẹ láìkì, ọ̀kan á rà á, òmíì á fi díje, ìyá tó ni ojú ọ̀hún ń to ata ẹ̀ lọ́wọ́, kò mọ nǹkan kan. Fíìmù ò tún sí tá a fẹ́ ṣọ́ ná mọ́, fóònù lásán lè ya ẹgbẹ̀rún kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, ta ló wá fẹ́ máa wá ẹgbẹ̀rún èèyàn kiri.

Ó ti ṣẹlẹ̀ nílé wa, ìdí nìyẹn tó fi ká mi lára tó báyìí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tá à ń pè ní Màámi, ń ta àgbọn ní Badagry, létí omi níbi tí àwọn tó fẹ́ sọdá lọ wo ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà ti máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi, kò sì sẹ́ni tó ń lọ síbẹ̀ tí kì í gbé kámẹ́rà dání. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan ya Màámi láti òkèèrè. Ọjà ti fẹ́ẹ̀ tán, ó jókòó sórí àpótí, ó fọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìró àtijọ́ tó máa ń fi ṣiṣẹ́ ló wà nídìí ẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ mú gbogbo ìlà ojú ẹ̀ jáde. Kí n sọ òótọ́, fọ́tò tó dáa ni. Ó lé lọ́dún kan lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì kan l'Ékòó, ó rí ìyá ẹ̀ lára kàlẹ́ńdà, oṣù kẹsàn-án, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé kí èèyàn dáwó fún àwọn tí ò rí oúnjẹ jẹ. Màámi! Ẹni tó fi àgbọn kọ́lé oníyàrá mẹ́rin, tó rán ọmọ méjì lọ sí poli. Nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú ẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó ní ìṣirò owó tí wọ́n jẹ òun lòun ń ṣe lọ́jọ́ yẹn, ó ní "ṣé èmi ni mo sọ fún wọn pé ebi ń pa mí?" A pe ẹgbẹ́ aláàánú tó ni kàlẹ́ńdà ọ̀hún, wọ́n ní àwọn rà á ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà parí sí. Títí dòní, tí Màámi bá ti rí kámẹ́rà, ìborùn ló ń fi bojú, kódà kó jẹ́ tèmi.

Ẹ sì wá dé pálọ̀ ẹ̀ o, ẹ ó rí fọ́tò tó fẹ́ kí wọ́n fi máa rántí òun. Ó jókòó ṣánṣán, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, ìpèlé léjìká, iyùn lọ́rùn, ojú ẹ̀ ń wo yín ní tààràtà. Bí Yorùbá ṣe ń jókòó fún fọ́tò látijọ́ nìyẹn. Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé ohun tí à ń wò rántí ẹni ló di àwòrán. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún láwọn ọdún 1970, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn onífọ́tò máa ń ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, kó lè dà bíi pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn, wọ́n á sì máa tọ́jú fọ́tò yẹn bí ẹni ń tọ́jú ère ìbejì. Àwọn èèyàn tí ojú fọ́tò wúwo lọ́dọ̀ wọn tó báyìí la wá ń yà bí ẹni ń ṣa ìgbín lójú ọ̀nà.

Mo mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa sọ, torí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi rí. Wọ́n ní tó o bá tọrọ àyè, ojú ẹni yẹn á le, ẹ̀rín á di ẹ̀rín orí TV, gbogbo adùn fọ́tò á lọ. Àkọ́kọ́ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń ya àkọ́kọ́ yẹn fún òun fúnra ẹ̀, bó ṣe fẹ́ kó rí, màá fi hàn án, a ó rẹ́rìn-ín sí i, màá wá béèrè ọjà lọ́wọ́ ẹ̀ tàbí ìlú tó ti wá, ọwọ́ mi ò kúrò lórí kámẹ́rà, kó tó di ẹ̀ẹ̀kẹwàá ó ti gbàgbé pé mo gbé nǹkan dání. Ojú tó dára jù tí mo ti yà láyé mi, lẹ́yìn ìkíni ni wọ́n ti wá. Ìgbà míì sì wà tó jẹ́ pé èyí tójú le yẹn gan-an ló máa dáa jù nígbà tó o bá délé tó o wò ó dáadáa.

Lẹ́ńsì náà wà lára ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá gbé lẹ́ńsì kúkúrú bíi 50mm, ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ èèyàn débi tí ò ti lè má kí i. Ẹni tó bá gbé èyí tó gùn bí apá, á dúró lókè lọ́hùn-ún, á máa fa ojú olójú wá sọ́dọ̀ ara ẹ̀. Mo rí wọn létí òkun Elégúṣì l'Ékòó. Àwọn aláṣọ funfun máa ń wá síbẹ̀ gbàdúrà, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á tan àbẹ́là sínú yanrìn, obìnrin kan lè máa sunkún nínú omi torí ọmọ tó ń wá. Lọ́jọ́ kan ọmọkùnrin kan kúnlẹ̀ sẹ́yìn àgọ́ tí wọ́n ti ń ta ẹja yíyan, ó ń ya irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé ṣé ó mọ̀ ọ́n, ó ní rárá, ó ní ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ló dáa. Òótọ́ ló sọ, láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà yanrìn máa ń tan ìmọ́lẹ̀ padà sábẹ́ àgbọ̀n èèyàn, ojú á dán bíi pé wọ́n fòróró pa á. Àmọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn àti Ọlọ́run ẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ọdún Ọ̀ṣun l'Óṣogbo lóṣù kẹjọ tún burú jùyẹn lọ, àgàgà látìgbà tí UNESCO ti kọ Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005 tí ẹsẹ̀ àlejò ti pọ̀ sí i. Arugbá tó gbé igbá yẹn, ọmọdébìnrin ni, kò gbọ́dọ̀ kọsẹ̀, ẹrù gbogbo ìlú ló wà lórí ẹ̀, àwa la tún máa ń pọ̀ níwájú ẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà títí àwọn tó ń ṣọ́ ọ fi ń fi ẹgba lé wa. Mo ti wà níbẹ̀ rí. Mo padà sẹ́yìn, mo lọ jókòó ti àwọn màmá tó ń pọn omi Ọ̀ṣun sínú jálá, ibẹ̀ ni mo ti rí fọ́tò gidi, mo sì mọ orúkọ àwọn mẹ́ta tí mo yà.

Àwọn tó mọṣẹ́ jù wá lọ náà máa ń fi orúkọ èèyàn sílẹ̀ láìkọ. J.D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà lọ́dún 1968, ó tó ẹgbẹ̀rún fọ́tò, iṣẹ́ ńlá ni, mo bọ̀wọ̀ fún bàbá yẹn títí láé, orúkọ irun ló wà lábẹ́ ẹ̀: ṣùkú, onílé gogoro. Mo máa ń wo ẹ̀yìn orí yẹn, màá máa ro ta ló ni ín. Ní Ojúde Ọba ọdún 2024 náà, kò ju ọjọ́ kan lọ tí gbogbo ayé fi mọ orúkọ Farooq Oreagba lórí ẹṣin, ó sì tọ́ sí i. Àwọn tó ń di ìjánu ẹṣin lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Tó bá jẹ́ ti òfin, abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ aráàlú, òfin ààbò dátà ti 2023 tún wà, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 náà sì wà fún àwọn ọmọdé. Èmi ò dúró de òfin o. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún àwọn onífọ́tò yín pé kí wọ́n béèrè orúkọ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kékeré, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò tí ẹni yẹn bá gbà, tó bá ní kẹ́ ẹ má gbé òun jáde, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ wá ìyá ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé ìròyìn kan ránṣẹ́ sí i, kò ná yín ní ohun tó pọ̀.

Ohun kan kù. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá èṣí, n'Íjẹ̀bú-Òde, mo ya ọkùnrin kan tó ń fa ẹṣin funfun, ó wọ jalamíà àwọ̀ ewé, ẹṣin yẹn gbé imú lé e léjìká bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i létí. Ó fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀, nọ́ńbà yẹn ò wọlé mọ́. Mo ti tẹ fọ́tò náà ní ńlá, mo fi gíláàsì sí i, ó wà lára ògiri ní ṣọ́ọ̀bù mi, tó bá ka lẹ́tà yìí kó wá gbà á, kò ní san kọ́bọ̀. Mi ò fi í ránṣẹ́ sí yín kẹ́ ẹ bá mi gbé e jáde, Olóòtú, torí ohun tí mo tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni pé kí n yà á kí n sì fún un, mi ò bá a sọ ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn. Orúkọ mi, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà fóònù mi wà nínú ìwé kejì tí mo kó mọ́ lẹ́tà yìí, ẹ bá mi fún un tó bá pè yín.

Èmi ni tiyín,
Onífọ́tò, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn