Omi Ò Dànù, Agbè Ló Fọ́

Ilé wa, Ògbómọ̀ṣọ́,
Nínú ọyẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó wọ ilé ara yín,

Ẹ kú ọyẹ́ o. Ti ọdún yìí mú débi pé ètè mi là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá àwọn ọmọ mi sì ń fi òrí pa á fún mi láràárọ̀ bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lára. Láàárọ̀ yìí ni korobá ìfami tún já bọ́ sínú kànga. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn láàárín oṣù kan. Omi ti lọ sísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, okùn ti gbó. Mo dojú bolẹ̀ sẹ́nu kànga, èmi bàbá ọlọ́dún 72, mo ń fi ìkọ́ ẹlẹ́nu mẹ́ta wá korobá bí apẹja. Nígbà tí mo fà á dókè, bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan ló gbé jáde. A wá bàtà yẹn títí lọ́dún Iléyá, gbogbo ilé sì búra pé ajá ló gbé e lọ. Omi bàtà la ti ń mu láti ìgbà náà.

Mo jókòó sétí kànga, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ọmọ tó ju bàtà sínú kànga mọ̀ pé òun jù ú. Kí ló dé tí kò sọ? Mo mọ ìdí ẹ̀. Ìdí ẹ̀ náà ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí kí ojú tó tì mí.

Káfíńtà ni mí. Ohùn káfíńtà kì í kéré, nítorí ó ní láti borí ariwo ayùn. Àwọn aládùúgbò wa ní bí mo bá pariwo nínú ilé, wọ́n ń gbọ́ ọ ní Tákíẹ̀. Àsọdùn ni, àmọ́ n kò tí ì rí ẹni tó bá wọn jiyàn.

Lóṣù tó kọjá, ife gíláàsì kan fọ́ nílé wa. Ife lásán tí wọ́n pín níbi ìkómọ, tí orúkọ ọmọ tí wọ́n kó jáde ti pa rẹ́ lára ẹ̀. Mo pariwo lórí ife náà bí ẹni pé ilé ló wó. Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ló fọ́ ọ. Ó dúró níwájú mi, ó ń gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ń jáde níka rẹ̀, n kò sì rí ẹ̀jẹ̀ náà. Ife ni mo rí. Ìyá àgbà rẹ̀ ló fà á lọ fọ ọwọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, mo ní kí wọ́n gbé fíláásìkì wá kí n fi mu tíì. Fíláásìkì náà ń dán, ìdérí rẹ̀ wà lórí, kò sí ibi tó ṣẹ́ lára ẹ̀. Ó yẹ kí n ti fura, torí omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè ti di lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí mo ṣe dà á sínú ife, mo rí nǹkan tó ń tàn yanranyanran nísàlẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Mo gbé fíláásìkì náà mì, ó dún ṣàràṣàrà. Gíláàsì tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀, ìpele méjì, tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde kí omi lè gbóná pẹ́. Tó bá já bọ́, ìta rẹ̀ lè má ní àpá kankan, kí inú ti di ẹ̀fọ́kù. Àwọn àgbà a máa ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Lọ́dọ̀ tèmi, omi ò dànù, agbè ló fọ́, díẹ̀ ló sì kù kí n gbé e mì.

Ṣé mo wá gbọ́n? Rárá o. Mo tún gbé ohùn sókè. Mo ní kí ẹni tó fọ́ ọ jáde. Ẹnikẹ́ni ò jáde. Ológbò pàápàá gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ọjọ́ kẹrin sí i, ní nǹkan bí aago méjì òru, ìyá àwọn ọmọ mi dìde láti lọ mu omi. Ó padà wá jí mi, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ti ẹni tó rí olè. Ó ní, "Bàbá, ilé ń rùn." Mo ní kí ló ń rùn. Ó ní gáàsì ni. Mo gbéra, mo nawọ́ sí súìṣì kí n tan iná. Obìnrin yìí gbá ọwọ́ mi débi pé ó ń ta mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?"

Òun ló tọ̀nà. Gáàsì ìdáná fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ po nǹkan tó ń rùn mọ́ ọn ni kí imú lè kìlọ̀ fún wa. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń sùn sí, á sì máa yọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn bí omi. Iná kékeré tó ń ta pàrà nínú súìṣì ti tó fún un. Iná mànàmáná sì wà lóru náà, iná tí kì í wà bí a bá nílò rẹ̀! Ojú òkùnkùn la fi táràrà dé ilé ìdáná, a ti ẹnu sílíńdà pa, a ṣí gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, mo gbé sílíńdà náà lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ìta la jókòó sí títí di àárọ̀, a fi aṣọ bora, ọyẹ́ ń bù wá jẹ, àwọn ọmọ ń sùn lé wa lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣí sílíńdà díẹ̀ níta níbẹ̀, mo ho ọṣẹ, mo fi ìfófòó rẹ̀ pa họ́ọ̀sì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣá ìṣáná sí i láti fi dán an wò, ẹ jọ̀ọ́, ọṣẹ ni kẹ́ ẹ lò. Ní ọrùn họ́ọ̀sì náà, ìfófòó ń wú bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ẹnì kan ti fi sẹ́lótéèpù wé ibẹ̀. Ó wé e dáadáa, ó wé e lẹ́ẹ̀mẹ́fà tàbí méje, bí ẹni ń di ojú egbò. Mo wo sẹ́lótéèpù yẹn pẹ́. Ọmọ tí ẹ̀rù bà gan-an ló lè fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Òun náà ló jáde fúnra rẹ̀. Ó ní, "Bàbá àgbà, mo ń gbálẹ̀ ni, mo fa sílíńdà, họ́ọ̀sì ya. Mo fẹ́ sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì ń pariwo fíláásìkì."

Ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ife ló bí fíláásìkì, fíláásìkì ló bí gáàsì. Gbogbo wa la mọ òwe ọwọ́ ọ̀tún tí a fi ń na ọmọ àti òsì tí a fi ń fà á mọ́ra. Èmi, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo ti ń lò, mo sì rò pé ilé tó dákẹ́ ni ilé tí nǹkan kan ò bàjẹ́ nínú ẹ̀.

Ó sì yẹ kí n mọ̀. Ní 1970 ni bàbá mi fi mí sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi tó ti dolóògbé. Ṣílè la ṣì ń ná, náírà ò ì tí ì dé, 1973 ló dé. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá ní kí n gé pákó àfàrà kan. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, mo gé e, ó fi ìka mẹ́ta kúrú. Mo kì í bọ abẹ́ òkìtì àjákù pákó, mo mú òmíràn. Oṣù méjì kọjá kí ọ̀gá tó rí i. Ìrókò ni ikán ń bẹ̀rù. Àfàrà kò ní irú orí bẹ́ẹ̀, wọ́n ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Ọ̀gá gbé e wò lọ́tùn-ún lósì. Ó ní, "Lọ́jọ́ tó kúrú, àga ni ì bá ṣì jẹ́. Nísinsìnyí, oúnjẹ ikán ni." Kò nà mí. Ó ní kí n fi èyí tó ṣẹ́kù kan àpótí ìjókòó. Àpótí náà ni mo jókòó lé kọ lẹ́tà yìí. Nígbà tí wọ́n dá LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, sílẹ̀ ní 1990, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá gbà káàkiri, mo jókòó lé e kan ibùsùn àti tábìlì ìkàwé wọn. Owó yẹn ni mo fi kọ́ ilé tí mo ń pariwo nínú ẹ̀ yìí. Bí mo ṣe wá gbàgbé ohun tí àpótí ń sọ fún ìdí mi lójoojúmọ́, ìyẹn kò yé mi.

Kì í ṣe ti ọmọdé nìkan o. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, ó ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀, owó pákó oníbàárà gba ọ̀dọ̀ ẹni ẹlẹ́ni lọ. Kó sáré lọ sí báǹkì lójú ẹsẹ̀ ló yẹ, kí ẹni tówó bọ́ sí lọ́wọ́ tó ná an. Kò lọ, kò sì sọ fún ìyàwó. Ó ní ìgbà tí òun kọ́kọ́ ṣi owó kékeré ná, ìyàwó òun fi kọrin fóun fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyàwó ní tiẹ̀ ti lọ gba ọjà àwìn, ó gbójú lé owó tí kò sí mọ́. Nígbà tí àṣírí máa tú, gbèsè ti di méjì. Ta ni ká dá lẹ́bi níbẹ̀? Mo bu ẹ̀bi náà fún àwọn méjèèjì. (Ìyá àwọn ọmọ mi náà kì í ṣe ańgẹ́lì. Ẹ̀wà tó bá jóná mọ́ ọn lọ́wọ́, àlùbọ́sà ló máa ń fi bò ó, á ní ọ̀nà tuntun lòun gbà sè é.)

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀fọ́kù wá bá yín, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo ohun tó fọ́. Ariwo tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa, ẹ fi dẹ̀yìn oúnjẹ. Mo ti dán an wò: èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ kì í dúró de oúnjẹ. N kò ní kẹ́ ẹ sọ àdánù di àwàdà. Kí ọmọ tó fọ́ àwo gbá ibẹ̀ fúnra rẹ̀, kó wọ bàtà kó tó gbá a. Èyí tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ẹ̀yin náà mọ ohun tó tọ́ sí i. Àmọ́ ẹ má fi ìyà kan náà jẹ ẹni tó wá sọ àti ẹni tó fi pamọ́. Àwọn kan nínú yín ti sọ gbogbo àwo ilé di ike kí nǹkan kan má baà fọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ọkà àti gbẹ̀gìrì nínú ike, ká má tan ara wa, adùn rẹ̀ ò pé.

Mo ti sá bàtà inú kànga sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí gbogbo ilé ti máa rí i. N kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, èyí obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti gba iwájú rẹ̀ kọjá nígbà mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó dúró, ó fi ìka kàn án, ó wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó ti tún ń bọ̀ báyìí, ó ń jẹ ìka, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé bírò sílẹ̀ ná.

Èmi ni,
Bàbá yín, káfíńtà.