Ẹ má ta ọkọ̀ àtijọ́ fún onírin àlòkù

Sí Olóòtú,

Láàárọ̀ Sátidé, mo rí Citroën DS kan ní òpópónà kejì sí ilé wa, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1955 sí 1975. Bí wọ́n ṣe tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ báyìí, ọkọ̀ tó ti lúgọ mọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó kúrò lórí ìkúnlẹ̀. Ọ́ìlì àti gáàsì ló gbé e dúró, kì í ṣe sípíríǹgì. Ara mi bù máṣọ! Ìjàpá Volkswagen náà ńkọ́? Bí fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ bá pín sí méjì, àgbà ọkọ̀ ni. Wọ́n ti pa ìyẹn tì láti 1953. Ẹ̀yin tí ẹ ní wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wà wọ́n jáde, kí àwọn ọmọ wa lè rí wọn.

Òǹkàwé yín