Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń ṣe akáǹtì nílé-iṣẹ́ iná

Àṣàkẹ́ mi,

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi. O ní wọ́n fẹ́ gbé ọ lọ sí ẹ̀ka tó ń ṣètò bọ́jẹ́ẹ̀tì, inú rẹ ò sì dùn sí i. O ní ẹni tó bá máa dé òkè nílé-iṣẹ́ iná, ẹnjiníà ló yẹ kó jẹ́, pé àwọn tó ń ka owó ò ju akọ̀wé lọ. Ẹ̀rín pa mí. Má tíì kọ èsì kankan sí wọn, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Lynn Good fún ọ.

Obìnrin yìí ló darí Duke Energy láti oṣù keje 2013 títí di ìparí oṣù kẹta 2025. Oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù 8 ni wọ́n ń gbé iná fún ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà ní Amẹ́ríkà, Carolina méjèèjì, Florida, Indiana, Ohio àti Kentucky. Kì í ṣe ẹnjiníà. Ìṣirò owó ló kọ́ ní yunifásítì Miami (Miami ti Ohio o, kì í ṣe ti etíkun Florida). Ó bá Arthur Andersen, ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé owó àwọn ilé-iṣẹ́ wò, ṣiṣẹ́ fún bí ogún ọdún, títí ọ̀ràn Enron, oníbàárà wọn tó ń yí ìwé owó, fi wó ilé-iṣẹ́ náà mọ́ wọn lórí ní 2002. Rò ó wò ná. Ó ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín, ó wá ń wo bí ìwé tí àwọn ẹlòmíràn fọwọ́ sí ṣe gba oúnjẹ lẹ́nu ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó lè kọ́ni nírú ẹ̀kọ́ yẹn. Ní 2003 ó lọ sí Cinergy, ilé-iṣẹ́ iná kan, Duke gba Cinergy mọ́ra ní 2006, nígbà tó fi máa di 2009, òun ni ọ̀gá pátápátá fún ètò ìnáwó ní Duke.

Ìjà ló sì ṣí ọ̀nà àga ọ̀gá àgbà fún un. Ní oṣù keje 2012, Duke ra Progress Energy, ilé-iṣẹ́ iná mìíràn. Àdéhùn wọn ni pé Bill Johnson, ọ̀gá Progress, ni yóò máa darí ilé-iṣẹ́ tuntun náà. Wọ́n fi í jẹ, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ìgbìmọ̀ olùdarí fi yọ ọ́, Jim Rogers, ọ̀gá Duke tó yẹ kó fi àga náà sílẹ̀, ló padà sórí rẹ̀. Àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ iná ní North Carolina fárígá. Nígbà tí wọ́n máa parí ọ̀rọ̀ náà, ó wà nínú àdéhùn pé Rogers gbọ́dọ̀ lọ kí 2013 tó parí. Ọkùnrin méjì du àga, akáǹtáǹtì ló jókòó sí i.

Kò ju oṣù méje lọ tí ọ̀ràn odò Dan fi ṣẹlẹ̀.

Ní Eden, North Carolina, létí odò yẹn, ilé iná èédú kan wà tí wọ́n ti tì pa ní 2012. Iná ti kú, ṣùgbọ́n eérú èédú tí wọ́n ti ń jó láti ọ̀pọ̀ ọdún ṣì wà nínú adágún níbẹ̀. Òkú tí wọ́n sin ni, ẹsẹ̀ ló ń yọ síta. Páìpù kan tó fẹ̀ tó ínǹṣì 48 gba abẹ́ adágún náà kọjá, omi òjò ló ń gbé. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kejì 2014, ẹ̀ṣọ́ kan ṣàkíyèsí pé omi adágún ń fà. Páìpù ti já. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù eérú 39,000 ló ya wọ odò, ó sì bá omi lọ tó máìlì 70, ó wọ Virginia.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fojú sí nìyí. Ó wà nínú ìwé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé iná yẹn ti bèèrè owó láti fi kámẹ́rà yẹ inú àwọn páìpù náà wò. Wọ́n bèèrè ní 2011, wọ́n tún bèèrè ní 2012. Gbogbo rẹ̀ kò ju $20,000 lọ. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n fagi lé e. Ní oṣù karùn-ún 2015, Duke gbà nílé ẹjọ́ pé àwọn jẹ̀bi, owó tí wọ́n san sì jẹ́ mílíọ̀nù 102 dọ́là. Ìwọ tí o mọ ìṣirò, o ti mọ̀ pé ìlọ́po 5,100 owó kámẹ́rà nìyẹn.

Lynn Good ni ọ̀gá ètò ìnáwó ní ọdún méjèèjì yẹn. N kò sọ pé ìwé náà dé iwájú rẹ̀ o. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú bílíọ̀nù kì í rí $20,000. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, orí tábìlì bíi ti èyí tí wọ́n fẹ́ gbé ọ lọ ló máa ń kú sí. Ohun tó bá kú síbẹ̀, ẹni tó jókòó lókè ló máa jíhìn rẹ̀ níwájú adájọ́, ì báà ṣe òun ló pa á tàbí òun kọ́. Ìwọ wá ń pè é ní iṣẹ́ akọ̀wé!

Ìyókù ìṣàkóso rẹ̀, eérú yẹn náà ló gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2020 wọ́n fẹnu kò pẹ̀lú ìjọba North Carolina pé àwọn yóò hú nǹkan bí mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 80 kúrò nínú àwọn adágún, wọn yóò kó o lọ sí ibi tí omi kò ti ní kàn án. Ta ni yóò sanwó? Ilé-iṣẹ́ ní kí owó iná gùn sókè, pé àwọn oníbàárà tó lo iná èédú láyé àtijọ́ ni wọ́n jó èédú náà fún. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní ó tì o. Ní 2021 Duke gbà láti yọ nǹkan bí bílíọ̀nù 1.1 dọ́là kúrò lọ́rùn àwọn oníbàárà. N kò fi bò fún ọ, ibí yìí ni inú mi kò ti dùn sí i: ní 2017, nígbà tí àríyànjiyàn yẹn ń gbóná, owó tí Lynn Good gbà lọ́dún náà lé ní mílíọ̀nù 20 dọ́là. Èmi ì bá jẹ́ ìyá arúgbó tó ń san owó iná ní Eden, ọ̀rọ̀ yẹn kò ní dùn létí mi.

Ohun tí mo kan sáárá sí i fún ni ti páìpù gáàsì Atlantic Coast tí Duke àti Dominion, ilé-iṣẹ́ iná mìíràn, jọ ń ṣe nígbà náà. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 2014, iye rẹ̀ kò ju bílíọ̀nù 5 dọ́là lọ, ó ti di 8. Ní oṣù kẹfà 2020 wọ́n jàre nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ẹlòmíràn ì bá jó. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí wọ́n fi pa iṣẹ́ náà tì, torí ẹjọ́ tó kù nílẹ̀ àti owó tó ń wú kò jẹ́ kí ìṣirò náà bára mu mọ́. Akáǹtáǹtì ló máa ń lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí o bá lọ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, má bèèrè orúkọ oyè tàbí ọ́fíìsì. Ní kí wọ́n jẹ́ kí o wo àwọn ìbéèrè owó tí wọ́n fagi lé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, pàápàá èyí tí àwọn tó ń tún nǹkan ṣe bèèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí wọ́n bá gbé e fún ọ, gba iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ní kò kàn ọ́, pè mí kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun. N kì í tètè sùn, o mọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.