Ìkéde: Ìrìnàjò Ọjọ́ Mẹ́ta sí Ọgbà Orílẹ̀-èdè Kakadu, Australia

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Darwin, a kí yín o. Oṣù Keje, tó jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀, la máa lọ, torí ní ìgbà òjò, omi máa ń bo ọ̀pọ̀ ọ̀nà ibẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, Ubirr, níbi àwòrán ara àpáta àwọn Bininj, onílẹ̀ ibẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ọjọ́ kejì, Jim Jim, níbi tí omi ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, bí àwọn aṣọ́gbó bá ti ṣí i. Jíìpù nìkan ló lè gba kìlómítà 10 tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ la ó fi gun òkúta ńláńlá tó ń yọ̀. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, sálúbàtà kọ́. Ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ ojú omi ní adágún Yellow Water láàárọ̀ kùtù, kí ẹ lè rí ẹyẹ dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀nì kì í ṣe eré. Ẹ jìnnà sí etí omi tó mítà 5, ẹ má sì lọ síbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì: ó máa ń ṣọ́ ibi tí èèyàn ń gbà lóòrèkóòrè.

Báàgì rírọ̀ ni kí ẹ gbé, àpótí líle ò ní ráyè láàárín àgọ́ àti kúlà. Omi lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́. Aṣọ ìbora pẹ̀lú, òru ibẹ̀ máa ń tutù. Ẹ ra ìwé ìwọlé kí a tó gbéra, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dájú lọ́nà.